Òkúta Oníwákàtí Mẹ́ta Tàbí Mẹ́fà

Òwúrọ̀ Àbámẹ́ta kan ni, aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, nínú ìsọ̀ iṣu àbúrò ìyá mi, tí a ń pè ní Tata, lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Tchaourou. Òórùn erùpẹ̀ ara iṣu àti ti èso kajú tó ti rọ̀ gba gbogbo ibẹ̀. Mo gbé kọ̀ǹpútà lé orúnkún. Ọ̀jọ̀gbọ́n mi ti ní kí n fi nọ́ńbà kan ṣoṣo ránṣẹ́ kí ó tó di aago méjìlá, ìyẹn iye wákàtí tí òkúta ńlá kan, ọ̀kan nínú àwọn tó ń yí oòrùn ká láàrin pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì àti Júpítà, fi ń yí po lẹ́ẹ̀kan. Láìsí i, kò ní sí soutenance, ìyẹn ìgbèjà ìwé àpilẹ̀kọ mi níwájú àwọn olùkọ́, fún mi lọ́dún náà.

Òkúta ọ̀hún jìnnà débi pé bíńtín ìmọ́lẹ̀ lásán ni, kódà nínú awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀run. Gbogbo ohun tí mo ní kò ju ìlà kan lọ: ìmọ́lẹ̀ náà ń pọ̀, ó ń dínkù, ó sì tún ń pọ̀ ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta. Mo ti kọ “mẹ́ta” sílẹ̀. Ó dá mi lójú, tàbí mo rò bẹ́ẹ̀.

“Kí ló ń gòkè sọ̀kalẹ̀ bí ọ̀nà Bétérou yìí?” Tata ti yọjú wo ìlà náà.

Mo ṣàlàyé. Ó mú iṣu gbọọrọ kan, ó dì í mú láàrin, ó sì rọra ń yí i nínú oòrùn ẹnu ọ̀nà. Ìhà gbígbòòrò rẹ̀ tàn; orí rẹ̀ kọjú sí mi, ó kéré; ìhà kejì náà sì tún tàn.

“Ẹ̀ẹ̀mélòó ló tàn?”

“Ẹ̀ẹ̀mejì, Tata.”

“Ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo yí i?”

“Ẹ̀ẹ̀kan.”

“Ẹ̀hẹ́n! Kí wá ni wọ́n ń kọ́ yín ní yunifásítì?”

Bí òkúta náà bá gùn bí iṣu, wákàtí mẹ́ta jẹ́ ìdajì yíyí rẹ̀ ni: mẹ́ta di mẹ́fà lójú mi. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀.

“Tó bá rí roboto ńkọ́, tó jẹ́ pé ìhà kan rẹ̀ kàn dúdú ni? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa tàn nínú yíyí kan nìyẹn.”

“Ta ló ti débẹ̀ wò ó?”

“Kò sẹ́ni tó débẹ̀.”

“Ṣé o fẹ́ kí n gun ọ̀kadà zémidjan lọ wò ó fún ẹ ni?”

Mo pa mẹ́ta rẹ́, mo kọ mẹ́fà, mo tún pa á rẹ́. Nígbà tí aago méjìlá ku ìṣẹ́jú díẹ̀, mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ̀jọ̀gbọ́n pé ìmọ́lẹ̀ ń padà ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta. Yíyípo rẹ̀ lè jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́fà. N kò mọ èwo.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ nǹkan fún mi, mo máa ń wá ibi tí ohun tó rí parí sí, tí ohun tó rò ti bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ó ṣì ń rú mi lójú. Wọ́n jẹ́ kí n ṣe soutenance náà, kò sì sẹ́ni tó bi mí léèrè nọ́ńbà kan ṣoṣo náà. Bóyá ọ̀jọ̀gbọ́n gbà pẹ̀lú mi, bóyá ó kàn ti rẹ̀ ẹ́, n kò lè sọ. Ó fọwọ́ sí ìwé àpilẹ̀kọ náà lójú mi, “mẹ́ta tàbí mẹ́fà” sì wà níbẹ̀ láìparẹ́.