Àpò Kájú Mi

Ohùn burúkú ni agbẹ̀bí wa ní Manigri ní. Tí àsìkò kájú bá ti dé, wọn a gun alùpùpù wọn wá sóko, wọn a fi èébú lé àwọn aboyún kúrò nídìí igi. "Ṣé kájú ni yóò gbẹ̀bí yín ni?" A kórìíra wọn bí ìgbẹ́.

Èmi sá pamọ́ fún wọn. Mo ti ń rọbí láti àárọ̀, síbẹ̀ mo ní kí àpò kájú mi kún ná. Nígbà tí zẹ́míjàn, ọlọ́kadà akérò, gbé mi dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára mi. Wọ́n ti jókòó sórí alùpùpù: ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo ń rọbí ní Bassila, ó ń pè wọ́n. Wọ́n wò mí, wọ́n pa alùpùpù. "Òun ní dókítà lọ́dọ̀. Ìwọ òpònú yìí, ta lo ní?"

Ọmọ mi yè. Ọmọbìnrin tiwọn kú kí wọ́n tó dé Bassila.

Lọ́jọ́ tí mo gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́, mo kúnlẹ̀ níwájú wọn.

Wọ́n ní, "Ṣé àpò yẹn kún?"

"Ó kún, Màmá."

Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, wọ́n ní ó ń dàgbà dáadáa.