Ẹni Tó Dúró Lápá Òsì

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìwó, tí eyín iwájú mi ṣì ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹ̀yin tí ẹ ń fi mí rẹ́rìn-ín yìí kò tíì délé ayé, pápá tẹníìsì kan wà lẹ́yìn ilé àwọn olùkọ́. Kì í ṣe irú èyí tí ẹ ń wò nínú tẹlifíṣọ̀n o. Yẹ̀pẹ̀ pupa ni, eérú la fi fa ìlà sí i. Ibẹ̀ ni ikọ̀ àwọn olùkọ́, ti báńkì àti ti ọsibítù ti máa ń bá ara wọn díje nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni méjì sí ẹni méjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ka ayò, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ní agolo mílíìkì kan. Géèmù yòówù tí ẹnikẹ́ni nínú ikọ̀ bá jẹ, ẹ̀kùrọ́ kan á bọ́ sínú agolo: kò! Bí gbogbo wọn bá gbá tán, wọ́n á da agolo sílẹ̀, wọ́n á kà á. Bàbá mi, olùkọ́ ìṣirò, kò mọ̀ ọ́n gbá rárá, kí wọ́n má gbọ́! Ẹnìkejì wọn, bàbá wolé-wolé kan tó ti fẹ̀yìn tì, tún burú jù wọ́n lọ. Apá òsì ni bàbá yẹn máa ń dúró sí, ṣòkòtò ní kíká dé orúnkún. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá fi làálàá jẹ géèmù kan péré, gbogbo ikọ̀ á hó yè, torí ẹ̀kùrọ́ kan yẹn lè gba gbogbo wọn là.

Àfi ìgbà tí ikọ̀ àwọn olùkọ́ ní balógun tuntun. Ó ní agolo ti di nǹkan ayé àtijọ́. Ẹni méjì tó bá borí, kí wọ́n gba máàkì kan. Ẹni tó bá pàdánù, òfo. Bí a bá sì ti mọ ikọ̀ tó borí, eré parí. Àwọn ikọ̀ yòókù gbà.

Ẹ̀rín bá tán lórí pápá. Àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá ń jà sí ẹni tí wọn yóò bá dúró. Wọ́n fi bàbá mi àti bàbá wolé-wolé sígbẹ̀yìn, eré a sì máa parí kó tó kàn wọ́n. Bàbá wolé-wolé á ká ṣòkòtò, á tún tú u sílẹ̀, á lọ sílé. Inú ọyẹ́ ọdún náà ni bàbá wolé-wolé kú.

Ó di ọjọ́ àṣekágbá, àwa àti báńkì. Balógun ti sọ fún bàbá mi láàárọ̀: "Olùkọ́, ẹ má bínú, òní ni ìgbẹ̀yìn yín. Ọmọkùnrin kan ń bọ̀ láti Kuta tí yóò rọ́pò yín." Bàbá mi kàn ń nu rákẹ́ẹ̀tì wọn. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé pápá yẹn nìkan ni wọ́n ti máa ń rẹ́rìn-ín.

Báńkì borí kó tó kan bàbá mi. Àwọn èèyàn ti ń palẹ̀ mọ́, ọyẹ́ ti bo oòrùn, ni a bá gbọ́ ọ.

Kò!

Gbogbo wa yíjú sí ìdí igi ọdán, níbi tí agolo wa wà, tí eruku ti bò ó.

"Alángbá ni," ni balógun wí.

Kò!

"Alángbá wo ló ń ka ayò?" Bàbá mi ti mú rákẹ́ẹ̀tì. "Ó ku tiwa. A ò tíì gbá a."

"Ẹ̀yin àti ta ni?"

Bàbá mi kọjá lára rẹ̀. Wọ́n lọ dúró lápá ọ̀tún. Àwọn ará báńkì méjì fi ẹ̀rín gbà láti bá wọn gbá géèmù kan. Ọ̀kan nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìlọrin lọ́sẹ̀ náà ni.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Apá òsì ṣófo gbalaja, kò sóhun tó rọrùn ju kéèyàn gbá bọ́ọ̀lù síbẹ̀ lọ. Àmọ́ àlejò Ìlọrin ló ń sáré gba èyí tó pọ̀ jù nínú bọ́ọ̀lù, iwájú bàbá mi ló ń gbá a sí, bàbá mi sì ń dá a padà títí àlejò á fi gbá a síta. Bí bàbá mi ṣe jẹ géèmù náà nìyẹn.

Ẹnìkejì àlejò bú jáde: "Ṣé ojú ń dùn ọ́ ni? Gbá a sósì!"

Àlejò nu ojú. "Ẹ̀gbọ́n, bàbá tó ká ṣòkòtò dé orúnkún yẹn ńkọ́? Ẹ ò rí i pé ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí?"

Gbogbo wa yíjú sápá òsì tó ṣófo. Balógun fúnra rẹ̀ ló rìn lọ sídìí igi ọdán, ó ju ẹ̀kùrọ́ kan sínú agolo. Lẹ́ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, agolo padà sẹ́nu iṣẹ́, bàbá mi sì gbá tẹníìsì títí orúnkún fi kọ̀ fún wọn.

Lóde òní, fóònù lẹ fi ń ka ayò. Bí ẹ bá ti mọ ẹni tó borí, ó di orí ọ̀kadà. Mo máa ń rí àwọn tí kò tíì gbá, rákẹ́ẹ̀tì lábẹ́ abíyá, bí ẹrù tí wọ́n gbàgbé sí gáréèjì. Ẹ yára jù wá lọ lóòótọ́. Ta ló ń dúró de ta?

Agolo yẹn wà lórí pẹpẹ nílé mi. Òfìfo ni, èmi fúnra mi ni mo ń nù ún. Bí ẹ bá wá kí mi nírọ̀lẹ́ ọyẹ́, tí ẹ bá gbọ́ kò, ẹ má sá. Ẹ ṣáà bá mi hó yè.