Tanwíjí Tí Wọléwọlé Rí ní Ẹ̀fọ̀n

Ẹni tó bá ní òun dé Ìjerò láyé ìgbà tí a ṣì wà lábẹ́ Àkúrẹ́, tí kò sì mọ Timothy Bámigbóyè, ojú oorun ló ti la ìlú náà kọjá. Wọléwọlé ni ọkùnrin náà kí ó tó fẹ̀yìn tì. Láti Àrámọkọ títí dé Ìlógbò, láti Ìlórò títí dé Ara, kò sí ìkòkò omi tí kò bẹ̀ wò rí. Bí ó bá ti fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ògiri ẹnu ọ̀nà báyìí, àwọn obìnrin á ti máa sáré da omi àná nù lẹ́yìnkùlé. Asán ni wọ́n ń ṣe. Tanwíjí kan ṣoṣo tó sá pamọ́ sí ìsàlẹ̀ àmù ńlá nínú yàrá tó ṣókùnkùn, Timothy á rí i láti ẹnu ìlẹ̀kùn. Àwọn kan tilẹ̀ búra pé ó máa ń mọ èyí tó jẹ́ akọ àti èyí tó jẹ́ abo.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ìjọba gba kaakí lára rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè gba ojú rẹ̀. Ojú náà kò rí ìkòkò wò mọ́, ló bá yí sí pápá bọ́ọ̀lù.

Bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ ńlá kò wù ú rárá. Lọ́jọ́ tí ilé-ìwé méjì bá pàdé, àwọn ọmọ fọ́ọ̀mù tú ló máa ń kọ́kọ́ gbá tiwọn nínú oòrùn, nígbà tí kò tíì sí ohun ẹlẹ́mìí kankan létí pápá àfi ewúrẹ́. Timothy àti àwọn ewúrẹ́ wọ̀nyí ni òǹwòran. Tí àwọn ọmọ fọ́ọ̀mù fáìfù bá wá wọlé, tí ìlú ya dé tariwo-tariwo, òun á ti máa gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sílé.

"Bàbá, ẹ ò ní dúró wo bọ́ọ̀lù ni?"

"Bọ́ọ̀lù wo? Àwọn wọ̀nyẹn ti di ẹ̀fọn, wọ́n ti fò. Ta ló ń lé ẹ̀fọn lójú òfurufú? Tanwíjí ni mo ń wá."

Ó sì ń rí wọn. Òun ló rí ọmọ Ìlórò kan tó tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀, tí gbogbo ayé ní kò lè ta ọsàn nípàá. Nígbà tó di ọdún kejì, ọmọ náà gbá bọ́ọ̀lù kan ní Ìjerò, ọjọ́ kejì ni àgbẹ̀ kan bá bọ́ọ̀lù náà lórí ebè iṣu ní Ara. Òun náà ló rí gókípà kan ní Ìlógbò tó ń fi ọwọ́ kan mú bọ́ọ̀lù, tó ń fi ọwọ́ kejì jẹ ìrèké. Ilé-ìwé girama kan ní Ìjerò ló ń kó gbogbo wọn wá fún. Kò bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wọn. Kí àwọn ènìyàn ṣáà máa mirí, kí wọ́n máa wí pé "Ojú Timothy!" Ìyẹn dùn mọ́ ọn ju ẹran ìgbẹ́ lọ.

Ọjọ́ kan ló dorí kọ Ẹ̀fọ̀n. Ẹ mọ òkè Ẹ̀fọ̀n. Ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ti ń gun ènìyàn. Èjìká ni Timothy gbé tirẹ̀ lé títí ó fi dé orí pápá ilé-ìwé wọn. Ó fìdí kalẹ̀ sábẹ́ igi kan, ó ká ẹsẹ̀ kan kò, ó ń wò. Kò pẹ́ tó fi di gbòǹgbò igi náà mú.

Ọmọ fọ́ọ̀mù tú kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Adébùsọ́lá. Bí ọmọ yìí bá gbá bọ́ọ̀lù sí ẹnìkejì rẹ̀, bọ́ọ̀lù náà á kọ́kọ́ gba ọ̀nà ibòmíràn lọ bí ẹni tó bínú, á wá rò ó wò, á yí padà, á sì rọra bọ̀ wá síbi ẹsẹ̀ ẹni tó ń dúró dè é, wọ́ọ́rọ́, bí ajá tí olówó rẹ̀ pè. Timothy nu ojú rẹ̀ nù. Nígbà tí wọ́n fọn fèrè tán, ilé ìyá ọmọ náà ló gbà lọ tààrà.

Opó ni obìnrin náà, ó ń ta epo pupa, Adébùsọ́lá sì ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí.

"Ìyá Adébùsọ́lá, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí tẹ̀ lé mi lọ sí Ìjerò. Ọ̀dọ̀ mi ni yóò máa gbé. Ìyàwó mi, Eunice, á máa tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ tirẹ̀."

"Bàbá Wọléwọlé, ẹ ti da omi ukòkò mi nù rí. Ṣé ọmọ mi ló tún kàn?"

"Tanwíjí wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."

"Ọ̀kan péré!"

"Ọ̀kan péré náà ni mo tún rí lónìí. Tí ọmọ yìí ò bá mọ bọ́ọ̀lù gbá, kí wọ́n máa pè mí ní afọ́jú."

Obìnrin náà na ìka sí ojú rẹ̀. "Ó dáa. Ojú yín yẹn ni mo gbà ní ohun ìdógò. Bí wọ́n bá fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́hùn-ún, ẹ̀yin ni n ó wá bi o."

Pápá Ìjerò ní tirẹ̀, ó tẹ́jú bí ọpọ́n. Ọjọ́ tí Adébùsọ́lá kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, nítorí ojú Timothy, gbogbo ìlú ló wá wò ó. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ lọ sí apá ibi tí a ti ń rí àwọn òkè lọ́ọ̀ọ́kán, kò sì padà. Èkejì wọ oko ẹ̀gẹ́. Ẹ̀kẹta gba ojú fèrèsé wọ ilé ìdáná ilé-ìwé, ó bá ọlọ́bẹ̀ nídìí iná, obìnrin náà sì rò pé àánjọ̀nnú ni, ó gbá a padà síta pẹ̀lú orógùn. Òun nìkan ló gbá bọ́ọ̀lù gidi lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀rín gba ìlú. Àwọn ọmọdé fi ṣe orin: "Wọléwọlé wá tanwíjí, ó gba Ẹ̀fọ̀n lọ, ẹ̀fọn jẹ ẹ́ lójú!"

Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́sẹ̀ kejì àti ìkẹta. Ọmọ náà kò jẹun kánú mọ́.

"Iyán ni mo gún o, kì í ṣe bọ́ọ̀lù," ni Eunice wí. "Jẹ ẹ́, kò ní yí kúrò lọ́dọ̀ rẹ."

"Màmá, n ò mọ ohun tó ń ṣe ẹsẹ̀ mi."

Nígbà tó yá, Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́tọ́ṣọ́, tíṣà tó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù, wá bá Timothy nílé. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa kí ó tó sọ ohun burúkú.

"Bàbá, bọ́ọ̀lù ìdíje tó kù fún àwọn ọmọ kíláàsì ìsàlẹ̀, Ẹ̀fọ̀n la ti máa gbá a. Ilé-ìwé tí ẹ ti mú ọmọ yìí gan-an ni. Mi ò lè gbé e wọ pápá kí àwọn ará ilé rẹ̀ máa fi í rẹ́rìn-ín. Tí a bá ti gbá a tán, kó kúkú dúró sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi wíwá ọmọ sílẹ̀, kí ẹ sinmi. Ojú náà máa ń rẹ̀."

Ojú náà máa ń rẹ̀! Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Timothy lára ju òtútù orí òkè lọ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ni. Ó ní òun ni òun fi ojú òun ṣe ìdógò, òun ni òun yóò lọ sọ ọ́ fún ìyá ọmọ kí ó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ó dé Ẹ̀fọ̀n, ó jókòó. Obìnrin náà ń kí i, ó ń bèèrè ọmọ. Timothy ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Bó ti dé ìdí ìkòkò tó fẹ́ bu omi, àṣà kò jẹ́: ó bẹ̀, ó yọjú wo inú rẹ̀. Ó wá dúró bẹ́ẹ̀, kò mira.

Obìnrin náà sáré wá. "Bàbá, ṣé tanwíjí ni? Òwúrọ̀ yìí ni mo pọn ọ́n o!"

"Ta ló gbé ìkòkò yìí sílẹ̀ báyìí?"

"Báyìí báwo? Bí ìyá ọkọ mi ṣe gbé e nìyẹn."

Ní apá kan, omi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹnu ìkòkò. Ní apá kejì, ó jìn sísàlẹ̀ tó ìbú ọwọ́. Timothy sì mọ̀, nítorí iṣẹ́ ayé rẹ̀ ni, pé omi kì í tẹ̀. Ìkòkò ló tẹ̀. Ilẹ̀ tó gbé ìkòkò náà ló tẹ̀. Ẹ̀fọ̀n lódindi ló tẹ̀!

Kò mu omi mọ́. Ó sáré lọ sí pápá bí ọmọ ogún ọdún, ó gbé ọsàn kan sílẹ̀ láàrin rẹ̀. Ọsàn náà dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń ronú, ó bá tirẹ̀ lọ, ó yí títí ó fi kó sínú gọ́tà. Ó wá yé e. Bọ́ọ̀lù tí Adébùsọ́lá ń gbá sí apá òkè pápá ní Ẹ̀fọ̀n, ilẹ̀ ló ń gbé e padà wá. Lọ́jọ́ tí Timothy ń wò ó lábẹ́ igi, ara tirẹ̀ náà ti tẹ̀ bá ilẹ̀, ojú rẹ̀ sì rí pápá náà bí èyí tó tẹ́jú.

"Tíṣà, ọmọ náà ò ṣì í gbá," ló sọ nígbà tó padà dé Ìjerò. "Pápá yín ló tẹ́jú jù."

Ọmọ́tọ́ṣọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ rẹ́rìn-ín tán? Ẹ ṣáà mú un dání. Tí ẹ bá rí i pé ilẹ̀ Ẹ̀fọ̀n ń gbá bọ́ọ̀lù jù yín lọ, ẹ jẹ́ kó wọlé. Tí mo bá parọ́, ẹ gba kẹ̀kẹ́ mi."

Ilẹ̀ Ẹ̀fọ̀n gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà! Bí àwọn ọmọ Ìjerò bá gbá a síwájú, ẹ̀gbẹ́ ló ń lọ. Bí wọ́n bá sáré tẹ̀ lé e, àwọn àti bọ́ọ̀lù á jọ kó sí gọ́tà. Kí wọ́n tó fọn fèrè ìsinmi, góòlù méjì ti wọ ilé wọn. Ọmọ́tọ́ṣọ́ wo Timothy. Timothy wo ojú ọ̀run. Tíṣà bá na ìka sí Adébùsọ́lá.

"Ó ti jẹ iyán Ìjerò yó!" ni àwọn ará Ẹ̀fọ̀n ń pariwo. "Ó ti gbàgbé ulé!"

Adébùsọ́lá wọ pápá. Ó kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ. "Ẹ má gbá a sí mi. Ẹ gbá a sókè mi, ilẹ̀ á gbé e wá."

Góòlù àkọ́kọ́ wọlé, èkejì wọlé. Ẹ̀kẹta ni wọn kò tíì sọ tán ní Ẹ̀fọ̀n títí di òní. Bọ́ọ̀lù náà gun apá òkè lọ, ó dúró, ó mí, ó wo ìlú yíká, ó wá ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Gókípà fò sí òsì láti kí i káàbọ̀. Bọ́ọ̀lù gba ọ̀tún wọlé. Ìyá Adébùsọ́lá wà láàrin àwọn ará ìlú rẹ̀. Ó ń mirí, ó ń sọ fún wọn pé "ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́ o," ṣùgbọ́n lábẹ́ ìborùn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń pàtẹ́.

"Bàbá," ni Ọmọ́tọ́ṣọ́ wí, "ẹ gbé kẹ̀kẹ́ yín. Ọmọ yìí ò lọ ibì kankan mọ́. Ṣùgbọ́n ti pápá Ìjerò ń kọ́?"

"Ẹsẹ̀ tó mọ ilẹ̀ tó tẹ̀, ṣé èyí tó tẹ́ ni yóò ṣòro fún un? Ẹ fún un láyè. Tanwíjí ni, ẹ jẹ́ kó hu ìyẹ́."

Ìyá ọmọ náà dé, ó tẹjú mọ́ Timothy lójú. "Ẹ jẹ́ kí n yẹ ohun ìdógò mi wò. Ó dáa síbẹ̀. Mo tilẹ̀ ti wá òkúta tí n ó fi ti ìdí ukòkò yẹn, kó lè dúró ṣánṣán."

"Ẹ má dán an wò!" ni Timothy kígbe. "Ẹ jẹ́ kó tẹ̀ bẹ́ẹ̀!"

Láti ìgbà náà, ibi tí Timothy bá ti ń lọ wo àwọn ọmọ fọ́ọ̀mù tú, ife tánganran kan ń bá a lọ. Á bu omi sí i, á gbé e sílẹ̀ létí pápá, á bẹ̀ wò ó kí ó tó wo ọmọ kankan. Ní Ìlórò lọ́jọ́ kan, ewúrẹ́ mu omi náà tán kí ó tó yọjú sí i. Ó na ọwọ́ sókè, ó ní kí wọ́n dá bọ́ọ̀lù náà dúró kí òun bu òmíràn wá.

Wọ́n dá a dúró.