Páálí Tí Wọ́n Fi Ń Dán Gègé Wò

Awakọ̀ akẹ́rù ni Bonaventure. Sìmẹ́ǹtì ló ń kó láti Onigbolo. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá jókòó ti bíà lọ́jọ́ ìsinmi, òun a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ní Pobè, a máa fọ ẹnu àwọn gègé mọ́kànlá tí wọ́n ń fa tàdáwà sí nínú, a nù wọ́n, a tò wọ́n sínú agolo bisikíìtì. Bíìkì tí gbogbo ayé fi ń kọ̀wé kì í wọ ilé rẹ̀.

Laure ìyàwó rẹ̀ a ní, "Bàbá Fabiola, ẹ̀ bá kúkú fẹ́ gègé níyàwó!"

"Òun kì í bá mi jà," ni yóò fi dáhùn.

Nínú gbogbo kayé rẹ̀, ìyẹn àwọn ìwé tó ń kọ nǹkan sí, ọ̀kan ló kẹ́ jù. Odindi ọdún kan ló fi jókòó ti ìyá rẹ̀, tó ń kọ oríkì ilé wọn sínú rẹ̀. Ìyá yìí nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n kì délẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún yìí ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

"Kayé ṣì wà," ni Bonaventure ń sọ fún àwọn ẹbí.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, òjò ńlá rọ̀, páànù jò. Nígbà tó ṣí àpótí tó tọ́jú kayé náà sí, ó ti mu omi. Gbogbo ojú ewé ti di aró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò ku lẹ́tà kan ṣoṣo. Ó sá wọn sóòrùn, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ yóò padà bí wọ́n bá gbẹ.

Ìgbà náà ló rántí Nasser, tó ń ta ohun ìkọ̀wé lọ́jà Sakété. Nasser ní páálí kan tí àwọn oníbàárà fi ń dán gègé wò, oríkì sì ni Bonaventure máa ń kọ síbẹ̀. Ó gun sémì, alùpùpù akérò, lọ kíá.

"Nasser, páálí dà?"

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń lé yín? Ẹ jókòó ná."

"Páálí ni mo ní!"

Nasser fà á jáde lábẹ́ tábìlì. Láàárín ìlà wúruwùru àwọn ẹlòmíràn, Bonaventure rí ìkọ̀wé ọwọ́ ara rẹ̀ níbi mẹ́sàn-án: *Ọmọ a-rìn-nílẹ̀-dúdú-má-rì.* Ẹsẹ àkọ́kọ́ ni, níbi mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Kò kọ ìkejì síbẹ̀ rí.

Ó sọ fún Nasser bí òjò ṣe pa ọ̀rọ̀ inú kayé rẹ́. Nasser sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Mo sọ fún yín nígbà tí ẹ ń ra tàdáwà yẹn. Tàdáwà ọmọ iléèwé ni, wọ́n ṣe é kó lè fọ̀ kúrò lára aṣọ. Ẹ ní àwọ̀ rẹ̀ ló wù yín."

"Àwọ̀ rẹ̀ ló wù mí," ni Bonaventure wí. Ó ra kayé tuntun, ó ra Bíìkì kan.

Ó bá ìyá rẹ̀ lórí ẹní. Ó kọ ẹsẹ kan náà sókè ojú ewé kìíní, ó kà á ketekete. Ojú ìyá là. Ètè rẹ̀ gbọ̀n, ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Èémí nìkan ló jáde.

"Màámi, kí ló kàn?"

Ó tún un kà. Omi ń bọ́ lójú ìyá rẹ̀. Bonaventure fi ẹnu Bíìkì lé ìlà kejì, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀.