Ẹni Tó Ní Kí N Yà Kí Ìyá Rẹ̀

Mi ò kì í mu ọtí, oorun ò sì kùn mí lọ́jọ́ náà. Ọ̀sán gangan ni. Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó yáa ṣíwọ́ kíkà báyìí.

Ẹgbẹ́ kékeré kan ni mò ń bá ṣiṣẹ́, a ní ọ́fíìsì ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin. Àwọn tí ayé sú là ń wá kiri, kí wọ́n má baà pa ara wọn. A ó jókòó tì wọ́n, a ó gbọ́ tẹnu wọn, a ó bá wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà. Àwọn ará ilé mi tilẹ̀ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé owó ìjókòó ni mò ń gbà.

Ọ̀kadà ló ń gbé mi lọ sí Osi. Ọyẹ́ mú, eruku bo gbogbo ewé. Táyà jò lọ́nà, ọlọ́kadà ní kí n dúró lábẹ́ igi káṣú kan, ó ti alùpùpù rẹ̀ lọ bá àwọn tó ń lẹ táyà.

Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́kùnrin kan ti yọ sí mi. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi nínú eruku yẹn. Ẹ gbà mí gbọ́, nígbà tó dìde, ṣáàtì rẹ̀ ṣì funfun.

Ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá dé Osi, ẹ yà sí ulé yèyé mi. Ìyá Raimi onígàárì. Ẹ lọ lónìí o. Kò sẹ́ni tó kí wọn."

"Kí ló ṣe wọ́n?"

"Àwọn ẹbí ò jẹ́ kí wọ́n sunkún."

Mo bojú wẹ̀yìn wò bóyá ọlọ́kadà ti ń bọ̀. Nígbà tí mo yíjú padà, kò sí i mọ́. Ilẹ̀ tí wọ́n ti wa iṣu rẹ̀ tán ni ibẹ̀, kò síbi téèyàn lè sá pamọ́ sí. Ẹ̀rù bà mí.

Nígbà tí ọ̀kadà gbé mi dé Osi, mo béèrè títí mo fi rí ilé náà. Iná ti kú lábẹ́ agbada gàárì. Màmá kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ojú wọn gbẹ. Àwọn èèyàn ń kọjá, kò sẹ́ni tó kí wọn, nílẹ̀ wa níbi tí à ń kí ẹni tó jókòó lásán!

"Ẹ kú ìjókòó, mà. Ọmọ yín ló ní kí n yà kí yín."

"Ọmọ wo?"

Mo ṣàpèjúwe rẹ̀. Màmá náà dì mí lọ́wọ́ mú.

"Raimi nìyẹn. Ó ti kú. Òun ló pa ara rẹ̀. Àwọn àgbà ẹbí ní a kì í sunkún irú òkú bẹ́ẹ̀, a kì í kí ìyá rẹ̀, a kì í dárúkọ rẹ̀ mọ́."

Kí n má purọ́, mo fẹ́ sá. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí iṣẹ́ wa ò gbà kéèyàn gbé mì.

"Mà, ṣé ẹ̀yin náà ń rò ó láti pa ara yín?"

"Òní ni mo dá ọjọ́ rẹ̀ sí."

Mo jókòó tì wọ́n nílẹ̀. Mo pe Raimi lórúkọ, kíkankíkan, kí àwọn tó ń kọjá lè gbọ́. Mo ní kí wọ́n sunkún ọmọ wọn. Ẹkún náà bú jáde, èmi náà sì sun tèmi, torí ó dùn mí dọ́kàn.

Ohùn ọkùnrin kan ń sunkún pẹ̀lú wa láti inú yàrá.

"Ṣé ẹ gbọ́?" ni màmá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Mo gbọ́. Àwa méjì péré la wà nílé náà.

A mú wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin sì kó wá bá wọn gbé. Mo ṣì ń lọ kí wọn. Ìgbàkígbà ni wọ́n ń bi mí: "Ṣé ẹ tún rí i lọ́nà?"

Mo máa ń ní rárá. Irọ́ ni. Ó ń dúró lábẹ́ igi káṣú yẹn, kò sọ̀rọ̀ mọ́, ó kàn ń wojú mi, mi ò sì mọ ohun tó tún ń fẹ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé bí mo bá jẹ́wọ́, màmá á fẹ́ lọ bá a.

Torí Ọlọ́run, bí irú ikú yìí bá wọ ilé kan ládùúgbò yín, ẹ má kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ẹ wọlé, ẹ bá wọn sunkún. Kì í ṣe gbogbo òkú ló ń rí ẹni rán.