Ọmọ Tí Agbẹ́gilére Bí fún Mi

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀wé kà, nítorí náà n kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí dókítà òyìnbó tó ń wo àwọn ọmọdé fún mi ní Ẹdẹ, ọ̀rọ̀ ni gbogbo rẹ̀: kí n máa kọ́ àwọn ìyá bí a ti ń tọ́jú ọmọ ọwọ́. Ìlú Ara ni mo ti wá, wọn ò mọ̀ mí ní Ẹdẹ. Ìyàwó mi ti kú, a ò sì bímọ.

Ohun tó ṣòro jù ni ti rírọ ọmọ. Ìyá á na ẹsẹ̀, á tẹ́ ọmọ sórí itan, á dí imú rẹ̀, á da àgbo sí i lẹ́nu. Bí ọmọ bá fẹ́ mí, àfi kó gbé e mì.

Ìyá àgbà kan láti Sẹkọna gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ wá. Ikọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí ọmọ náà. Dókítà ní bí wọ́n bá tún rọ ọ́, tí àgbo gba ọ̀nà èémí lọ, ó parí. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ, ó fi èmi àti ìyá àgbà sílẹ̀.

Mo sọ fún un pé kó má rọ ọ́ mọ́, kó máa fi ṣíbí fún un lóògùn ní ìjókòó. Ó wò mí.

"Ọmọ mélòó lo bí?"

"N ò bí."

"Gbogbo ọmọ mi ni mo rọ. Baba eléyìí wà lára wọn, ó sì sanra jù ọ́ lọ."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀ ẹ́ kó padà wá lọ́jọ́ ọjà.

Mo rò pé bí wọ́n bá fojú rí i, yóò yé wọn. Mo tọ agbẹ́gilére lọ, mo ní kó gbẹ́ ọmọ ọwọ́ kan fún mi. Ó mi orí, ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú." Mo rò pé ó ti gbọ́ nípa ìyàwó mi.

Ọmọ ọwọ́ tó gbé fún mi ní ilà lójú, irun rẹ̀ ga, ó sì dúró ṣánṣán bí ìjòyè.

"Ọmọ ọwọ́ kì í dúró," mo ní.

"Èwo nínú wọn lẹ rí tó jókòó?"

Ó yẹ kí ojú mi ti là níbẹ̀. Kò là.

Lọ́jọ́ ọjà mo gbé e kalẹ̀ níwájú àwọn obìnrin. Ọ̀kan nínú wọn kígbe.

"Yéè! Ìbejì ló bí, ọ̀kan ti kú, kò sì sọ fún ẹnì kankan!"

"Abájọ tó ní òun ò bímọ," ni ìyá àgbà wí. "Ìbànújẹ́ ni." Ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi wé ère náà nítorí òtútù. Ẹlòmíràn ti sáré lọ bu ẹ̀wà wá síwájú rẹ̀.

Mo ní igi lásán ni. Wọ́n ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀ lójú ọmọ.

Mo na ẹsẹ̀, mo tẹ́ ère sórí itan, mo dí i nímú, mo bu àgbo.

"O fẹ́ pa á ni?" Ìyá àgbà já a gbà lọ́wọ́ mi. "Níbo ni yóò ti rí èémí? Bó bá bínú ńkọ́?"

Ọmọ ọmọ rẹ̀ wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo ère, ó bojú wẹ̀yìn, ó wá wò mí bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ lọ́jà.

"Ṣíbí tó o sọ yẹn dà?"

Ṣíbí ló fi ń fún ọmọ náà lóògùn, díẹ̀díẹ̀, ní ìjókòó, títí ikọ́ fi lọ. Ṣùgbọ́n ó ń sọ káàkiri pé èmi ò mọ nǹkan kan, ọmọ mi ló kọ́ òun. Láti ìgbà náà, àwọn ìyá ń gbé ẹ̀wà wá fún ère náà ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Dókítà bi mí ohun tí ẹ̀wà ń ṣe níbẹ̀. Mo ní wọ́n ń dúpẹ́ ni.

Kò sí ìyàwó nílé. Èmi ni mo ń jẹ ẹ́.