Ọjọ́ Tí Òjò Ká Mi Mọ́ Orí Àpáta

Ọjọ́ tí òjò ká èmi àti àbúrò mi mọ́ orí àpáta ẹ̀yìnkùlé wa nítòsí Màpó kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Òyìnbó ṣì ń ṣèjọba nígbà náà, mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Kò sí ohun tí mo fẹ́ràn tó kí n máa gun àpáta. Bí wọ́n bá ní kí n lọ sá èlùbọ́ síbẹ̀, màá gùn ún dé ṣóńṣó kí n lè wo Ọjà'ba.

Lọ́jọ́ náà, mo pọn Ràmónì, àbúrò mi, gòkè. Àfi bí òjò ṣe dé. Bí mo ṣe ń sáré sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ mi yọ̀, ọ̀já tú. Ìró nìkan ló kù tó gbé ọmọ dúró.

Ìyá mi rí wa láti ìsàlẹ̀.

"Sìkírá, má dìde! Dojú bolẹ̀, fi ẹ̀yìn rìn bọ̀!"

"Màámi, ọmọ ti ń yọ̀ o!"

"Pa ẹnu dé! Fi eyín di etí ìró mú!"

Mo fi eyín dì í mú, mo fi àyà wọ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí ẹsẹ̀ mi tó kanlẹ̀, ìyá mi ti já ọmọ gbà. Mo dijú de ìgbátí.

"Òkè gígùn ò burú," ni wọ́n wí. "Sọ ọmọ mi kalẹ̀ kó o tó lọ."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí àpáta gbẹ, mo tún gùn ún. Èmi nìkan ni mo lọ.